Ààbò Ẹ̀yìn Ayọ̀mípọ̀sí

Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Mayesbrook kọjá lọ́sàn-án, tí ẹ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ láti ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ kan, Moṣọpẹ́ nìyẹn. Bí ẹ ò bá sì gbọ́ nǹkan kan, òun náà nìyẹn: ó ti sùn lọ sórí iṣẹ́ ni. Oorun ọ̀sán tó ń bá obìnrin yìí fínra kì í gba bẹ̀bẹ̀. Á kàn gbé orí lé aṣọ tó ń rán, sùtánà funfun ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì wà lórí pẹ́dà. Ibẹ̀ ló ti ń lálàá.

Nínú oṣù kọkànlá tó kọjá, àlá kan ṣoṣo wá bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Òkè funfun kan ni, kò sí igi, kò sí ilé, ojú ọ̀run pàápàá funfun débi pé èèyàn ò mọ ibi tí òkè parí sí. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, á máa yọ̀ bọ̀ láti òkè, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo, á máa rẹ́rìn-ín. Inú ìyá á dùn lójú àlá, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìgbà náà ni ọmọ á ṣubú, á fi ẹ̀yìn gbalẹ̀. Kò ní pariwo o. Á kàn dùbúlẹ̀ sínú funfun yẹn, yìnyín á máa rọra bọ́ sí i lójú, Moṣọpẹ́ á sì jí, àpá ojú rírán aṣọ á ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ yìí gan-an ló ń lọ sórí òkè yìnyín ní Austria lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí ilé ìwé ti kó wọn lọ sórí irú òkè bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni eré síkì ti wọ̀ ọ́ lára, eré kí èèyàn de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, kó máa yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Ọdún mẹ́jọ ló fi lé e. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó kọ̀wé síbi tó pọ̀, wọ́n sì ti gbà á báyìí láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní síkì títí di ọdún Àjíǹde. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Dagenham! Àwọn ojúlùmọ̀ ní Parsloes ṣì ń bi ara wọn pé kí ló dé tí kò ṣe nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ náà dé, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra títí ẹsẹ̀ ìyá fi kúrò nílẹ̀.

Nínú ìjọ Aládùúrà tí Moṣọpẹ́ ń lọ, Ìyá Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kọ àlá àti ìran sínú ìwé. Bí ìsìn bá parí, ẹni tó bá lálàá á wá jókòó síwájú rẹ̀, á rọ́ ọ, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, Wòlíì Sámúẹ́lì á kà á, á sì sọ irú àdúrà tó yẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Arákùnrin kan fi áńgẹ́lì kún àlá rẹ̀ nígbà kan, Moṣọpẹ́ gbé gègé sílẹ̀, ó ní kó lọ mú áńgẹ́lì náà kúrò kó tó padà wá. Ẹni tó bá bu kún àlá, ó ní Ọlọ́run ló ń purọ́ mọ́.

Àlá tirẹ̀ wá ńkọ́? Kò dé inú ìwé. Ó mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Wòlíì Sámúẹ́lì kì í fi àlá ìṣubú ṣeré: ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni, kí ọmọ má sì jáde kúrò nílé títí àdúrà á fi parí. Sátidé á kọjá, iṣẹ́ á bọ́. Bí òun bá sì dákẹ́, tí ọmọ wá lọ ṣubú? Kò lè sọ, kò lè dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló gbọ́ tí Ayọ̀mípọ̀sí ń sọ lórí fóònù pé àwọn olùkọ́ kan máa ń wọ ààbò ẹ̀yìn lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ààbò ẹ̀yìn kẹ̀! Moṣọpẹ́ dìde fùú lórí àga. Ó ní Ọlọ́run ló gba ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Upney, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láàárín ìlú tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orí òkè. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Iná funfun ń tàn lórí ìbọ̀wọ́ àti fìlà onírun, ó sì ń ṣe é bíi pé ó ti dé ibì kan tó mọ̀. Ọmọbìnrin kan tó wé ìborí dúdú, tí wọ́n kọ Nabeelah sí láyà, mú un lọ síbi tí ààbò ẹ̀yìn wà. Oríṣi kan le, pákó ike tó ní ìpele ìpele bí ẹ̀yìn ìjàpá. Oríṣi kejì dà bíi wẹ́ẹ̀sìkóòtù, ó ní síìpù níwájú, fóòmù nípọn lẹ́yìn. Moṣọpẹ́ fi ìka méjì tẹ fóòmù náà bó ṣe máa ń tẹ aṣọ wò lọ́jà Barking.

"Èyí rọ̀ jù. Kí lèyí fẹ́ gbà sílẹ̀?"

Nabeelah ní ó rọ̀ kó lè bá ara tẹ̀ ni. Tí nǹkan bá gbá a lójijì, á le lójú ẹsẹ̀. Ó wá bèèrè pé báwo ni ẹ̀yìn ọmọ náà ṣe gùn tó.

Moṣọpẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Òun tó rán aṣọ ìsàmì ọmọ náà! Ó ní òun mọ ara ọmọ òun. Nabeelah ní á dára kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá wọ̀ ọ́ wò. Moṣọpẹ́ ní kò sí wàhálà. Ó wo èyí tó wà láàárín, ó wo ńlá, ó sì mú ńlá. Ẹ má bá a wí jù. Sùtánà ọmọdé tó bá rán, ó máa ń ṣẹ́ ìdí rẹ̀ po sókè bí àtẹ́lẹwọ́ kan, kó lè ṣeé tú sílẹ̀ bí ọmọ bá ń ga. Kóòtù, ẹ̀wù ilé ìwé, bàtà, gbogbo ẹ̀ ló ń rà tóbi. Ayọ̀mípọ̀sí ò wọ bàtà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu rí títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wọ ààbò náà nílé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ bo ìdí, bẹ́líìtì tó yẹ kó di ìbàdí mú wá rọ̀ sórí itan, èjìká rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbàràgàdà. Ayọ̀mípọ̀sí wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ó dáa gan-an, Mọ́mì. Ẹ ṣé. Màá wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́."

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe lórí yìnyín, kí n wò ó."

Ayọ̀mípọ̀sí dé akoto rẹ̀, fìlà líle tí wọ́n fi ń dáàbò bo orí, ó tẹ orúnkún, ó tẹ̀ síwájú. Ni fóòmù náà bá gùn sókè, ó ti akoto láti ẹ̀yìn, akoto sì ya bò ó lójú. Moṣọpẹ́ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Bí ọmọ yìí bá ṣubú báyìí, ọrùn rẹ̀ ni ohun tí ìyá rẹ̀ rà máa kọ́kọ́ tì.

"Ó tóbi."

"Díẹ̀ náà ni, Mọ́mì."

"Wàá ṣáà dàgbà sínú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ayọ̀mípọ̀sí bọ́ akoto, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí o! Ibi tí mo máa ga dé nìyí. Abẹg, ẹ jẹ́ n sinmi."

Moṣọpẹ́ yọ téèpù lọ́rùn ara rẹ̀, ó ní kó kọ ẹ̀yìn sí òun. Ó wọ̀n ọ́n láti eegun kékeré tó yọ nídìí ọrùn títí dé ìbàdí. Sẹ̀ntímítà mẹ́rìnlélógójì. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sí ojú ewé ọmọ náà, níbi tó ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Mẹ́rìnlélógójì. Ó jókòó. Ọdún mẹ́rin gbáko ló ti ń ṣẹ́ aṣọ po fún ẹni tó ti dàgbà tán! Ó dùn ún, kí á má purọ́, ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù nígbà tó ń sùn.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn méjèèjì jọ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nabeelah ò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀, ọmọ gidi ni. Ó wọ èyí tó wà láàárín fún Ayọ̀mípọ̀sí, ó fa okùn èjìká, ó di bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí dáadáa. Ó ní kó tẹ̀ síwájú, kó gbé apá sókè, kó yí sọ́tùn-ún sósì. Fóòmù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kò kúrò, kò sì kan akoto. Nabeelah wá kìlọ̀ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni nǹkan yìí lè gbà sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá lọ́ lọ́nà òdì, kò lè dá a dúró. Àmọ́ bí èèyàn bá fi ẹ̀yìn gbá òkúta tàbí yìnyín líle, á gba èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀.

"Ẹ gbá a wò, Mà," Nabeelah sọ fún Moṣọpẹ́.

Moṣọpẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn fọwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn bí ìgbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ sùn.

"Mọ́mì, ẹ gbá mi jàre! Ẹ gbá mi dáadáa!"

Ó gbá a. Ó fi gbogbo ìkúùkù gbá a, ó fi àlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbá a, gbì! Àwọn èèyàn yíjú wò wọ́n. Ayọ̀mípọ̀sí ò tilẹ̀ mira. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ máa gbá a nígbà wo?"

Bí Moṣọpẹ́ ṣe bú sẹ́kún nìyẹn, láàárín ìbọ̀wọ́ àti fìlà onírun. Nabeelah sún àga kan fún un, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Mo lálàá," Moṣọpẹ́ ní. "Mo rí ẹ lórí òkè, o fi ẹ̀yìn gbalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ. Nínú ìjọ yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó mọ̀ pé àlá tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe àlá lásán.

"Ṣé mo dìde?"

"Mi ò mọ̀. Mo máa ń jí kí n tó rí ibẹ̀."

Ayọ̀mípọ̀sí kúnlẹ̀ tì í. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ó dáa. Ẹ lọ sùn, Mọ́mì. Ẹ lọ wò ó tán. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún mi. Tí mi ò bá dìde, mi ò ní lọ mọ́."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, Moṣọpẹ́ sì mọ̀ pé bó ṣe wí náà ló máa ṣe é.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn padà, oòrùn ọ̀sán tó funfun báláú ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àpò ṣọ́ọ̀bù wà lórí itan Ayọ̀mípọ̀sí. Lẹ́yìn Bow Road, ojú Moṣọpẹ́ wúwo, ó gbé orí lé èjìká ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń mì wọ́n jẹ́jẹ́. Ó wá òkè funfun náà kiri nínú oorun yẹn. Kò rí i. Kò rí ọmọ, kò rí yìnyín, kò rí nǹkan kan rárá. Oorun lásán ni.

Nígbà tó jí, wọ́n ti wà ní Dagenham Heathway. Wọ́n ti kọjá Upney tipẹ́.

"Kí ló dé tí o ò jí mi?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ jí kí ẹ tó rí i." Ọmọ náà di àpò mú pinpin. "Mọ́mì, ṣé mo dìde?"

Moṣọpẹ́ wò ó. Ọdún mẹ́jọ wà nínú ojú yẹn.

"O dìde," ó ní. "O gbọn yìnyín kúrò lára, o rẹ́rìn-ín sí mi, o sì ń yọ̀ lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Moṣọpẹ́ gbé ìwé àlá àti gègé síwájú Wòlíì Sámúẹ́lì, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa kọ ọ́. Wòlíì bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Moṣọpẹ́ ní òun ti purọ́ mọ́ àlá kan, òun sì ti gbìyànjú láti ọjọ́bọ̀ kí òun tọrọ ìdáríjì, òun ò rí i ṣe, torí pé kò dun òun pé òun pa irọ́ náà.