Bàtà Tí Mo Lẹ̀ Fún Tíṣà

Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, àmọ́ ẹran wà ní ikùn tèmi dáadáa, nítorí láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń jókòó sórí àpótí, tí mo ń ranjú mọ́ bàtà olóbàtà. Ṣúmékà ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń tún bàtà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí à ń gbé. Kò sí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí mi ò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti ìyàwó mi ni mo mọ̀ jù. Ilé ìwòsàn ló ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, orí ìdúró ló sì ń wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó máa ṣe eré ìdárayá. Ni Tíṣà bá gbọ́. Ọ̀ràn dé. Òkè pátápátá nínú ilé wa ni Tíṣà yìí ń gbé, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kò níyàwó, kò níkùn, eyín rẹ̀ sì funfun débi pé ó ń bí mi nínú. Òun ló kó àwọn ará àdúgbò jọ tí wọ́n ń sáré létí adágún omi ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Kó tó di oṣù kejì, ìyàwó mi ti ń jí ṣáájú mi. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀rín ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú kó máa làágùn? Ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn jáde ni o, irú èyí tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí àwọn ìbejì wa ti kúrò nílé lọ ṣiṣẹ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, Tíṣà á gbé omi fún un, á wá kí mi láti òkèèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Màá ní, "O ṣeun, àbúrò." Nínú ọkàn mi, nǹkan mìíràn ni mo ń sọ.

Bí a bá ń jẹun, Tíṣà sọ pé. Bí a bá fẹ́ sùn, Tíṣà sọ pé. "Tíṣà ní kí n máa fi imú fa èémí sínú, kí n máa fi ẹnu mí i jáde." Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ló ti ń bá a mí láti ọdún mẹ́tàlélógún tí a ti fẹ́ra. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Ó ń dùn mí wọra.

Nígbà tí eré ọlọ́dọọdún wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, eré kìlómítà márùn-ún tí tọmọdé tàgbà máa ń sá fún ìgbádùn, Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Bàtà eré ìdárayá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlòkù tó ṣì lágbára, àmọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń là.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lẹ èyí. Ó gbọ́dọ̀ yá kó tó di Sátidé."

Mo gbà á, mo yí i wò. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ tèmi gan-an ni. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin yìí, títí dórí ẹsẹ̀ ló fẹ́ bá mi dọ́gba!

Ó yẹ kí n họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, kí n ha á, kí n fi gọ́ọ̀mù tuntun pa ojú méjèèjì, kí n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí n fi òòlù lù ú mọ́ra, kí n sì rán an yíká. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi gọ́ọ̀mù ra etí rẹ̀ bí ẹni ń kun ètè, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ nù ún kó máa dán. Mo ti ń rí Tíṣà lójú inú mi, níwájú gbogbo ayé, tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé bí ẹnu ẹja. Mo dá rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àní àwọn oníbàárà tó ń bú mi pàápàá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ sí etí adágún. Mo ní mo fẹ́ lọ pàtẹ́wọ́ fún un. Èrò ti pé síbẹ̀: àwọn ìyá arúgbó, àwọn ọmọ tí kò dúró sójú kan, bàbá kan tó ń ti ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ Tíṣà. Bàtà tó máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ló wọ̀. Kí n tó mọ ohun tí màá rò, ìyàwó mi ti tú báàgì rẹ̀, ó mú bàtà yẹn jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sí àyà.

"Ẹ bọ́ sálúbàtà yẹn," ó ní. "Tiyín nìyí. Èmi ni mo rà á, mo ní kí Tíṣà bá mi gbé e wá kí ẹ má baà fura. Ẹ ti jókòó sórí àpótí yẹn jù. Mo fẹ́ ká jọ sáré."

Tíṣà da eyín funfun síta. "Ẹ̀gbọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yìn yín o! Wọ́n ní bàtà tí ọkọ àwọn bá lẹ̀, ọmọ ọmọ ẹni tó ni ín ló máa jogún rẹ̀."

Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ojú ìyàwó mi rẹ̀ wẹ̀sì. Mo yára ní kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, mo sì wọ bàtà náà.

Tíṣà fọn fèrè. Mo ń sáré bí ẹni tó fi ẹyin sábẹ́ ẹsẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi: "Ẹ kú eré o, Bàbá!" Ìyá arúgbó kan tó fi ọ̀pá rìn kí mi, ó sì kọjá mi. Ìyàwó mi yíjú padà.

"Bàbá Ìbejì, ṣé eré rèé, àbí abẹ́rẹ́ tó sọnù lẹ̀ ń wá?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni o! Èmi ni mo ni ín lọ́tẹ̀ yìí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi, mo na ẹsẹ̀, mo fi eré sí i.

Ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún là gbàà, ó kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì fi eékún méjèèjì lulẹ̀. Ìyàwó mi sáré padà. Eékún mi ló kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ló gbé bàtà náà. Ó ti bá mi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ́ tó láti mọ bàtà tí wọ́n lẹ̀. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

"Gọ́ọ̀mù ò dé inú rẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́.

Mo ń gbọn iyanrìn kúrò ní eékún mi.

"Bàtà ta lo rò pé ó jẹ́?"

Láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ẹ̀rín, omi, eyín funfun, Tíṣà sọ pé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ká ní ọmọ ọlọ́mọ fi kán lẹ́sẹ̀ ńkọ́?" Ó dìde, ó so okùn bàtà tirẹ̀ le, ó ń sáré lọ. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Mo bọ́ bàtà méjèèjì, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé òpin, tí gbogbo ayé ń kí mi ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Nílé, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó gbé oúnjẹ fún mi, "ẹ" sì padà sẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ti tán nílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ ra òwú ní oríta, mo sì rí bàtà eré ìyàwó mi lórí itan ṣúmékà tó wà níbẹ̀. Láàárín igba bàtà, màá mọ̀ ọ́n: gìgísẹ̀ òsì máa ń jẹ láti ẹ̀gbẹ́ òde. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Mo dúró ní òdìkejì títì, mo ń wò ó. Gbogbo owú tí mo jẹ lórí Tíṣà, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí ìyàwó mi gba bàtà náà wálé, mo bi í pé kí ló dé. Kò bínú.

"Mo fẹ́ máa sáré láìwo ẹsẹ̀ mi," ó ní, ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Mo gbé bàtà náà lọ sábẹ́ iná. Mo fà á, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi èékánná wá etí rẹ̀ yíká. Ṣúmékà oríta yẹn rán an dáadáa. Ó sì lẹ̀ ẹ́ dénú.