Ta Ló Ni Ìwé Kànga Ìbà?

Ojú mi ṣì ń rí ìwé pẹlẹbẹ náà: aláwọ̀ ewé, fọ́tò olóyè kan gba iwájú rẹ̀ tán, orúkọ olóyè náà sì wà lábẹ́ fọ́tò ní lẹ́tà gàdàgbà. Ìtàn àwọn kànga àtijọ́ nílùú Ìbà ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní ilé ìkàwé kan ní Ọ̀jọ́ nígbà náà, iṣẹ́ mi sì ni láti máa kọ ìwé sínú kátálọ́ọ̀gì orí kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀sọ̀ ò tíì mọra wa. Mo fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Mo wo fọ́tò, mo fi orúkọ olóyè sí àyè òǹkọ̀wé, mo bọ́ sórí ìwé mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá àgbàlagbà kan wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbà. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìwé tí àwọn kọ. Mo tẹ orúkọ wọn, kò jáde. Mo tẹ àkọlé ìwé, ó jáde, orúkọ olóyè ló tẹ̀ lé e. Ìyá yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.

“Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn kí n tó kó ìtàn yìí jọ. Ṣé mi ò wá sí níbẹ̀ rárá ni?”

Ojú tì mí gan-an. Mo ṣí ojú ewé àkọlé nínú ìwé náà, orúkọ ìyá rèé ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Olóyè ló sanwó ìtẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa, ẹni tó bá sanwó ni fọ́tò rẹ̀ ń gba iwájú ìwé.

Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, mo sì sáré lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n mú lẹ́tà tí olóyè fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà jáde. “‘Ìwé mi’ ni wọ́n kọ síbí. Tí wọ́n bá wá bá wa jà ńkọ́? Lọ fi ibi tí ìlànà kátálọ́ọ̀gì ti sọ ẹni tó ń jẹ́ òǹkọ̀wé hàn mí. Ọ̀la la ń fi àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́ sáwọn ilé ìkàwé yòókù. Tó bá ti lọ báyìí, ó lọ nìyẹn.”

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìlànà kátálọ́ọ̀gì náà wà, ó sì fẹ̀ bí ọjà Alábà. Páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la jọ ń lò, ẹnì kan ló sì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi sínú àpótí ìwárí bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àbúrò bàbá rẹ̀: ìyá ló kọ ọ́, olóyè ló sanwó, kí ni kí n ṣe? Kò sí èsì. Mo tún un tẹ̀, mo fi “ẹ jọ̀ọ́” kún un.

Bọ̀ọ̀dá tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó jókòó tì mí, ará Okokomaiko, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Àbúrò, o ń bẹ kọ̀ǹpútà! Tó o bá dé Alábà, ṣé ẹnu géètì lo ti máa ń pariwo ohun tó o fẹ́ rà ni? Ṣebí wàá kọ́kọ́ mọ láìnì tí wọ́n ti ń tà á. Wo àwọn orí-ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì yẹn.”

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé ibi tó sọ̀rọ̀ nípa ìwé àtàwọn tó lọ́wọ́ sí i. Ó wà níbẹ̀ kedere: ẹni tó ṣe iṣẹ́ inú ìwé ni òǹkọ̀wé, onígbọ̀wọ́ sì ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú mi dùn débi pé mo hó yèè nílé ìkàwé, wọ́n sì lé mi síta díẹ̀.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Ó dáa, tún un ṣe. Má yọ olóyè o, fi wọ́n sáyè wọn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá gun ọ̀kadà dé láti Ìbà. Mo tẹ orúkọ wọn, ó jáde. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i, wọ́n pè é sókè bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, wọ́n sì dá ara wọn lóhùn: “Mo wà níbí, mà!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àti ọ̀gá pàápàá.

Ìyá ti relé ọba ọ̀run báyìí, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́. Àwọn náà ń kánjú, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń tẹ orúkọ ìyá. Kì í ṣe ìwé ni mò ń wá. Mo kàn fẹ́ rí i pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀.