Jùwọ́nlọ, Ẹni Tó Ń Ya Ẹ̀yìn

Ó pẹ́ tí Jùwọ́nlọ, fọtógíráfà kólọ́ọ̀sì wa, àdúgbò kékeré kan ní Festac l'Ékòó, fi ń ya ojú èèyàn kó tó ya wèrè. Èmi ni mo pè é ní wèrè o. Òun ní ìpè Ọlọ́run ni. Ní ọdún 2003, pásítọ̀ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀yìn wa á dára. Gbogbo wa ṣàmín, a lọ jẹun. Jùwọ́nlọ nìkan ló délé tó ń rò ó pé, ta ló tíì rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ tó fi mọ̀ bóyá ó dára? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn nìkan ló ń yà. Ó ya pásítọ̀ fún kàlẹ́ńdà, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tó ká lẹ́yìn ọrùn la rí. Ọmọ tó lọ ya pásípọ́ọ̀tù ìdánwò gba ìpàkọ́ bọ̀. Làwọn oníbàárà bá ń sá lọ sọ́dọ̀ àwọn fọtógíráfà míì ní Apple Junction.

Màmá Àdúrà, aládùúgbò wa, kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀yìn yíyà yìí. Ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ti ń gbàgbé nǹkan, ó sì ti gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?" Ó ń dun màmá wọ egungun. Ó fẹ́ fọ́tò tí yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí bàbá lè máa wò ó títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó wọ léèsì, ó kun páúdà, ó wá bá Jùwọ́nlọ ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo jókòó sí.

"Ẹ kọjú sí ògiri, mà," ni Jùwọ́nlọ wí.

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹ̀yìn yín lè dára."

"Àmín," ni màmá dáhùn, ó sì kọjú sí ògiri.

Nígbà tí fọ́tò jáde, inú bí màmá. "Ṣé ojú mi burú ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣàmín, mà."

Ó já fọ́tò gbà, ó gba ilé lọ. Èmi alátojúbọ̀ tẹ̀ lé e. Ó jù ú sórí tábìlì. Bàbá mú un, ó wò ó.

"Ìyá Àdúrà nìyí."

Màmá béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó tún ń bínú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Omi lé sójú màmá. Ó kẹ̀yìn sí bàbá, ó kọjú sí ògiri, kó má baà rí i.

Bàbá gbójú sókè. "Ìyá Àdúrà," ló wí, "ìgbà wo lo dé?"