Bí A Ṣe Ń Gbé Bàbá Jáde Lọ́jọ́ Jímọ̀

Títí di òní, bí ọyẹ́ bá ti gbé òórùn koríko jíjó dé imú mi, ilé àna mi ní Kàbà ni ọkàn mi ń sáré lọ. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ọmọ Ògìdì tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá fẹ́ sílé Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn kọ́ ló fa gbólóhùn asọ̀ láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi o. Iná tí kò tíì jó ni.

Ṣé o mọ bí àwọn ọdẹ wa ṣe máa ń finá sígbó nítorí ọ̀yà? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, Ìyá á ní ká ro àyíká ilé títí ilẹ̀ á fi hàn, ká pọn omi kún ìkòkò ńlá méjì lẹ́yìnkùlé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bù ú fọ abọ́. Ìyẹn ṣì dára. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí àwọn ọkùnrin bá ti mọ́ṣáláṣí dé, Ìyá á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kígbe pé, "Iná o!" bẹ́ẹ̀ iná kankan ò jó, ìdánrawò ni. Kíá, èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin á tẹ́ kíjìpá Bùnú sábẹ́ baba ọkọ mi, tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, a ó di etí aṣọ mú, a ó gbé wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ojú títì. Bàbá ti gbẹ, wọn ò wúwo, ẹ̀rín ni wọ́n á máa rín. Àwọn aládùúgbò á dúró wò wá, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà: "Òkun o, ìyàwó! Ọjà wo lẹ ń gbé Bàbá lọ lónìí?" Ojú á gbà mí tì.

Lọ́jọ́ kan, mo fárígá. "Ìyá, ẹ ń fẹnu yín pe ibi wálé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n ní, "Àmín. Di etí aṣọ mú."

Inú bí mi, àmọ́ mo dì í mú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọkùnrin wà lóko, mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ gbé iná igbó sórí ilé ìdáná wa tí a fi koríko bò, òun ló sì fara ti yàrá Bàbá. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí mi ni mo kọ́kọ́ sáré lọ mú.

"Ìyàwó! Bàbá!"

Ohun tí Ìyá sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ju ìwé sílẹ̀. Èéfín ò jẹ́ kí n rí ọwọ́ ara mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà mọ ibi tí etí aṣọ wà, ẹsẹ̀ mi sì mọ ìgbà tó yẹ kó yà. Èmi àti àbúrò ọkọ mi gbé Bàbá dé títì. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ sáré dé, omi ìkòkò Ìyá ni wọ́n fi pa iná náà. Ibùsùn Bàbá ti di eérú.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì. "Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ dárí jì mí." Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ wá omi tí Bàbá máa mu.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún obìnrin yẹn. Mo ti rò pé ìgbàgbọ́ ni kéèyàn má dárúkọ ibi rárá. Ìfẹ́ ni Ìyá fi ń kó wa láyà jẹ. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi lọ́dún kejì, Bàbá ni wọ́n gbé e fún kí wọ́n pe ìrun sí i létí, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tuntun. Ohùn wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n pè é parí.