Kànga Alhaji Jìbírílù ní Country Club Hills

Ẹni tó bá dárúkọ olóògbé Alhaji Jìbírílù ní Country Club Hills, lẹ́bàá Chicago, kànga ló máa kọ́kọ́ sọ. Bàbá gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ títí omi fi tú jáde, ó ga ju ọgbà lọ. Ó ju ṣọ́bìrì nù, ó kígbe "Allahu Akbar!", ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá.

Marvin, aládùúgbò rẹ̀, sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. "Alhaji, páìpù lẹ bẹ́! Omi ìlú nìyẹn!"

"Ta ló ń fún ìlú lómi?"

Wọ́n ti tún páìpù ṣe kí Sìmíátù, ọmọ Alhaji tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó wakọ̀ dé láti Tinley Park. Ó mọ ibi tọ́rọ̀ náà ti wá. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ nípa kànga Àfáà Tàjùdéèn, wòlíì Ọlọ́run tó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ nígbà ọ̀dá ní ìlú bàbá rẹ̀, tí omi sì sun. Wọ́n ní bí ẹni méjì bá ń bínú síra wọn, òfìfo ni korobá wọn máa gòkè, àfi tí wọ́n bá jọ fa okùn.

Nígbà mìíràn, Bàbá á ní búúta àlùwàlá ni Àfáà fi gún ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá.

"Dádì, èwo gan-an ni?"

"Ṣé Àfáà ò lè ní méjèèjì ni?"

Lẹ́bàá kòtò, Sìmíátù bá Awwal, àbúrò rẹ̀. Àṣé Bàbá ti pe àwọn méjèèjì. Látìgbà tí wọ́n ti jà lórí ibi tí wọn ó sin ìyá wọn sí, Chicago ni o, ilé ni o, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

"Ẹ jọ dí i," ni Bàbá wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ẹ̀yìn tí kò dùn ún nígbà tó ń gbẹ́ ẹ.

Wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀, wọn ò wo ojú ara wọn. Awwal yọ̀ lórí ẹrẹ̀, ó ré sínú kòtò. Sìmíátù na ọwọ́ sí i, òun náà bá a ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Awwal wí, "ẹ mọ̀ pé ilé ló wu Mọ́mì."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wà nítòsí mi ni."

Ni wọ́n bá dì mọ́ra nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Lókè, Bàbá yíjú sí Marvin. "Ṣé o rí iṣẹ́ Àfáà?"

"Alhaji, páìpù ni."

"Páìpù Àfáà."

Lọ́sẹ̀ tí Bàbá kú, Sìmíátù jókòó tì í lórí ibùsùn, ó bi í bóyá omi kànga Àfáà sun lóòótọ́. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ò bu iyọ̀ sí i.

"Mo kéré nígbà náà. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ti ń bá ara wọn yan odì. Mo tẹ̀lé wọn débẹ̀. Wọ́n jọ di okùn mú, wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rántí wo inú korobá."

 Sìmíátù gbé orí bàbá rẹ̀ lé apá, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ títí oorun fi gbé bàbá lọ.