Fìlà Àwọn Àna Lórí Ebè Iṣu

Ìyá ìyá mi, ará Kèrè, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, torí èmi tí mo dá a sílẹ̀ kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Òórùn koríko jíjó ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iná àwọn ọdẹ ti jó gbogbo ẹsẹ̀ òkè wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà mọ̀ pé iṣu tí a gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a kò bá fi koríko gbígbẹ bo orí ebè rẹ̀, kí a sì gbé ògúlùtu lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, oòrùn á sè é mọ́nú ilẹ̀.

Èmi ni mo máa ń gbé ògúlùtu. Ìyá àgbà ní mo máa ń kí ebè kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń bi í bóyá ooru ń mú un. Lọ́jọ́ yẹn, koríko tán nígbà tó ku ebè méje. Ìyá àgbà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, bí oòrùn ọ̀sán bá bá àwọn wọ̀nyí báyìí, wọ́n ti kú nìyẹn."

Ṣùgbọ́n a ní láti padà sílé. Àwọn àgbà ìlú Soclogbo ń bọ̀ wá tọrọ Moníìkì, àbúrò ìyá mi. Ìdílé méjì ti wá wò ó rí, wọn kò padà wá. Bàbá àgbà ti kìlọ̀: "Ẹni tó bá da ti òní rú, kó lọ wá ilé mìíràn."

Àgbà méje ló dé. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Nílé wa, wọn kò gbọdọ̀ dé e padà àfi bí bàbá ìyàwó bá ní kí wọ́n dé e, Bàbá àgbà kì í sì í tètè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá sọ ọ́, kò sí fìlà kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Olórí wọn, bàbá apárí kan, fọwọ́ pa orí. "A wá tọrọ ìyàwó, ẹ ń bọ́ wa láṣọ. Ṣé ṣòkòtò ló kàn?"

Moníìkì bú sẹ́kún nínú yàrá. Ìyá àgbà bi wọ́n pé níbo ni mo wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ ibi tí fìlà wà.

Gbogbo wọn bá forí lé oko, àgbà méje láìdé fìlà nínú oòrùn, àwọn ọmọdé tò tẹ̀lé wọn bí ẹni ń tẹ̀lé ère Màríà lọ́jọ́ ọdún ìjọ Àgùdà. Wọ́n bá mi lórí ìkúnlẹ̀, mò ń ṣìpẹ̀ fún ebè keje. Ebè méjèèje ti dé fìlà, ògúlùtu kọ̀ọ̀kan lórí wọn. Fìlà àrán pupa ti olórí wọn ló wà lórí èyí tó tóbi jù.

Bàbá àgbà gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí. Bàbá apárí di ọwọ́ náà mú. Ó jókòó lórí àpáta, ó wo fìlà rẹ̀ títí. "Ó yẹ ẹ́ jù mí lọ," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ ná."

"Bàbá, àyálò ni tèmi," ni ọ̀kan nínú wọn ráhùn.

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ilé tí ọmọdé ti ń ṣàánú iṣu báyìí, ọmọ ibẹ̀ kò ní febi pa wá."

Orí àpáta náà ni a ti fún wọn ní Moníìkì.

Lónìí, kí n tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo máa ń kọ́kọ́ ro ohun tí aráyé máa sọ. Lọ́dún tó kọjá, ọgbà ẹ̀fọ́ aládùúgbò mi gbẹ níṣojú mi, nítorí n kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí n bomi rin ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ni ẹ ó fi ṣọ́ oko yín: ọmọ ìjọ́sí yẹn ni, àbí àgbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí?