Ẹrù Ìdána Tí A Fi Bébà Góòlù Dì

Bí ẹnìkan bá wá bá mi lónìí pé òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ẹ̀bùn, pé ṣé òwò gidi ni, mo máa ní kó wá ìjókòó ná. Kì í ṣe pé mo ní ìdáhùn fún un. Ọ̀rọ̀ náà ló gùn, ó sì ti rú mi lójú tipẹ́tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ bá mi dá a rò.

Àbúrò mi obìnrin ló dá òwò náà sílẹ̀ ní Ìkìrun, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọn ọdún 1990. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo rí, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí àwọn olówó ti ń ra abọ́ àti ife onígíláàsì. Tí Kérésì bá ti ń bọ̀, òun ni wọ́n máa ń fi sídìí tábìlì kan, yóò máa fi bébà olódòdó di ohun tí àwọn èèyàn bá rà fún ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nídìí rẹ̀. Ó lè ká igun bébà títí yóò fi mú bí ojú ọ̀bẹ. Ó lè fi ẹ̀yìn àlùmọ́gàjí fa rìbọ́ọ̀nù kó lọ́ mọ́ra bí irun ọmọ tuntun. Nígbà tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kó ọjà rẹ̀ lọ sí Èkó, àbúrò mi padà wálé, ó ní iṣẹ́ tí òun mọ̀ nìyẹn, òun ò mọ òmíràn.

Màámi wà ní Ìnísà ní tiwọn, wọ́n ń ta epo pupa. Kì í ṣe epo kan ṣá o. Epo Màámi, tí ẹ bá gbé ìgò rẹ̀ sókè sí oòrùn, ńṣe ló ń tàn bí ẹyin iná. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ láti Òkukù wá rà á. Ṣùgbọ́n eékún ti ń dùn wọ́n, àbúrò mi ni wọ́n sì fẹ́ kó wá gba ìdí epo náà.

"Kí lo ní o fẹ́ máa tà?" ni Màámi bi í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀.

"Mi ò ní ta nǹkan kan, Màámi. Àwọn èèyàn ló máa gbé ẹ̀bùn wá, èmi á bá wọn dì í."

"Kí wọ́n lè gbé e rin ọ̀nà jíjìn?"

"Rárá o. Kó lè rẹwà ni."

"Ẹni tí wọ́n bá fún, ṣé kò ní tú u?"

"Á tú u."

Màámi wò ó, wọ́n wò mí. "Ẹ bá mi là á kó yé mi, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ìwọ á dì í, òun á tú u, ìwọ á wá gbowó?"

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Mo fún ọ títí Kérésì yóò fi kọjá. Tí ilé ìdìrù rẹ bá dúró, mo gbà. Tí kò bá dúró, kó ẹrù rẹ wá sí Ìnísà, wá jókòó ti àgbá epo mi. Ojú ní í kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn kí ọwọ́ tó gbà á. Èwo la ó tún máa fi bébà bo ojú?"

Bí àbúrò mi ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà rélùwéè nìyẹn, tó kọ ọ́ sára pátákó gàgàrà pé A Ń DI Ẹ̀BÙN NÍBÍ. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí mo ti parí ẹ̀kọ́ tíṣà, ìjọba ò sì tíì rí ibi tí wọn yóò rán mi lọ. Ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ọlọ́kadà kan dúró, ó ka pátákó, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀bùn wa dà?" Àbúrò mi ṣàlàyé títí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó yé mi. Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?" Bàbá kan gbé àgbébọ̀ adìyẹ wá, wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àna wọn.

"Bàbá, tí mo bá fi bébà dì í, á kú."

"Ẹ yọ orí rẹ̀ síta ná."

Àbúrò mi so rìbọ́ọ̀nù mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, bàbá sì bá tiwọn lọ tayọ̀tayọ̀.

Èyí tó wá rú mi lójú jù ni ti ìyá tíṣà kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí wọ́n gbé fíláásì omi gbígbóná wá nítorí ìgbéyàwó kan. Àbúrò mi dì í débi pé èmi fúnra mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn torí mo ń lọ sí pósọ́fíìsì. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n fi èékánná ya ẹ̀gbẹ́ kan bébà náà dáadáa, kí àwòrán fíláásì tó wà lára páálí lè hàn síta. Wọ́n wá rù ú, ojú ibi tó ya ni wọ́n kọ sí èrò. Mi ò sọ fún àbúrò mi. Kí ni ǹ bá sọ? Obìnrin náà sanwó kí a bá wọn bò ó, wọ́n tún ṣí i. Mo rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, akọ̀wé ní káńsù, ń fẹ́ ìyàwó ní Òkukù. Ó mọ ìlérí tó wà láàárín àbúrò mi àti Màámi, ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Gbogbo ẹrù ìdána mi, ìwọ ni wàá dì í," ló wí. "Kí Òkukù mọ̀ pé ará káńsù ló ń bọ̀."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

"Títí kan iṣu."

Inú àbúrò mi dùn bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi. Ó ní tí wọ́n bá rí i ní Òkukù, gbogbo ọ̀nà yẹn ni yóò gbọ́, Kérésì á sì bá ṣọ́ọ̀bù lórí ìdúró. Bébà góòlù ló lò. Iyọ̀, ṣúgà, obì, orógbó, ataare, ìgò oyin, ìgò epo tí a gbà lọ́wọ́ Màámi, ó dì wọ́n bí ìbejì, bí ìbẹta. Ó wá fi rìbọ́ọ̀nù dá wọn mọ̀: pupa fún epo, yẹ́lò fún oyin, funfun fún iyọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ndọ́kítọ̀ wo ẹrù wa. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú eléyìí?"

"Ẹrù ìdána ni."

"Ìdána tó ń sá pamọ́?"

Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé Ìnísà, Màámi wọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n wò yíká. "Epo mi dà?"

"Onírìbọ́ọ̀nù pupa yẹn ni, Màámi."

Wọ́n wò ó títí. "Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo tún sẹ́ ẹ kó lè mọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

Bí a ti dé Òkukù, àwọn ìyàwó ilé pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dá wa dúró bí ìṣe wọn, wọ́n gbẹrù lórí wa, wọ́n fijó gbé e wọlé. Kò yẹ kó sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a jókòó tán tí mo wo ìta, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ irun. Mo rí òmíràn tó so yẹ́lò. Gbogbo ọmọ inú agbo ilé ló ti dára lórí. Mo wo ẹrù wa tí wọ́n tò kalẹ̀: góòlù, góòlù, góòlù. Mo wo àbúrò mi, òun náà ti rí i.

Ẹ mọ̀ pé ẹrù ìdána kì í ṣe ẹrù lásán nílé wa. Ẹnìkan á gbé e sókè, á dárúkọ rẹ̀, á fi ṣàdúrà, gbogbo ilé á ṣe àmín. Ojú gbọ́dọ̀ rí ohun tí ẹnu ń pè. Ìyáálé ilé ìyàwó, obìnrin gíga kan tí ohùn wọn kún yàrá, gbé ìgò kan, wọ́n yí i po.

"Ará ọkọ, kí nìyí?"

Àbúrò mi fojú díwọ̀n ìgò náà. "Oyin ni, mà."

"Oyin rèé o! Adùn ni à ń bá nílé oyin. Adùn ni wọn yóò máa bá nílé yín. Ayé ò ní korò mọ́ yín lẹ́nu!"

Àmín ró dé ìta. Wọ́n tú u. Epo ni. Epo Màámi, pupa fòò.

Ìyàwó ilé kan ló kọ́kọ́ lanu. "Oyin Ìkìrun mà pọ́n o!" Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan tó jókòó sẹ́bàá ògiri na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Àdúrà oyin tí a ṣe sórí epo, èwo ló gbà á nínú méjèèjì?"

"Bàbá, Ọlọ́run mọ ohun tó wà nínú ìgò," ni ẹnìkan wí.

"Ọlọ́run mọ̀, àwa ò mọ̀. Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n wá dá àna fún ni àbí àwa?"

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a tún un ṣe. Àwọn kan ní tí a bá tún un ṣe, a ti dá àdúrà àkọ́kọ́ padà fún ẹni tó ni ín nìyẹn. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó dọ̀bálẹ̀. Èmi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí ǹ bá wà. Ìyáálé ló yanjú ẹ̀. Wọ́n gbé ẹrù mìíràn sókè, wọ́n ní, "Ó dáa. Ará ọkọ, ẹ sọ ohun tó wà nínú eléyìí kí a tó tú u. Tí ẹ bá ṣì í, ẹ ó jó. Màmá ọlọ́gbọ́n yìí, ẹ̀yin ni mo ń wò."

Màámi ni wọ́n ń bá wí. Màámi gbé e, wọ́n mì í létí. "Iyọ̀ ni."

Ṣúgà ni. Màámi tí eékún ń dùn dìde, wọ́n jó. Wọ́n tún gbé e, wọ́n tún ṣì í, wọ́n tún jó. Mi ò rí Màámi kí wọ́n jó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Ìyàwó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo sì kíyè sí i pé àwọn ìyàwó ilé kò ya bébà kankan. Èékánná ni wọ́n fi ń ṣí sẹ́lótéèpù jẹ́jẹ́, tí wọ́n á ká bébà náà, tí wọ́n á fi sábẹ́ ẹní.

Nígbà tí à ń padà lọ, Màámi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìnísà, wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Kérésì ò jìnnà mọ́ o," ni wọ́n wí fún àbúrò mi.

Ó sunkún dé Ìkìrun. Ó ní ó parí, pé òun ti ba ìdána jẹ́, ta ni yóò tún gbé ẹ̀bùn wá? Èmi náà gbà pé ó parí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó ilé kan wá láti Òkukù. Bébà góòlù ló fẹ́, kó fi bo ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá wọlé ní Jánúárì. Kò ní ẹ̀bùn kankan tí yóò dì. Ó ní gbogbo ilé ló ń jà sí èyí tó wà lábẹ́ ẹní. Ẹlòmíràn wá láti ọ̀nà ibẹ̀ kan náà, ó ní kí a di ẹrù ìdána òun "bíi ti ọjọ́sí, kí á lè rẹ́rìn-ín." Ẹ̀kẹta gbọ́ ìtàn náà, ó ní ká di tòun ṣùgbọ́n kí ojú lè rí inú rẹ̀, nítorí bàbá àgbà wà nílé tiwọn náà. Àbúrò mi lọ sí Òṣogbo, ó ra ọ̀rá tó mọ́ gaara, èyí tó ń dán tó sì ń ró wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Ẹ wò ó: a fẹ́ máa bo ẹ̀bùn, ọ̀rá tí kò bo nǹkan kan la wá ń tà, pẹ̀lú bébà ìwé ọmọ iléèwé. Ṣé òwò dídi ẹ̀bùn ṣì ni? Mo bi àbúrò mi. Ó ní òun ò ráyè.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kérésì dé, Màámi wọlé láti Ìnísà pẹ̀lú ìgò epo méjì nínú agbọ̀n. Àbúrò mi rò pé wọ́n wá mú òun ni.

"Di èyí fún mi," ni Màámi wí, wọ́n gbé ìgò kan lé tábìlì. "Ìyáálé Òkukù ni mo fẹ́ fi ṣe ọdún fún. Ọ̀rá tó mọ́ yẹn ni kí o fi dì í. Kí wọ́n rí i pé epo mi ni."

Àbúrò mi dì í. Màámi gbé e sí oòrùn lẹ́nu ilẹ̀kùn, epo náà tàn. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá gbé ìkejì sílẹ̀.

"Fi oní-góòlù di èyí."

"Ta lẹ fẹ́ fún, Màámi?"

"Àwọn náà ni. Kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì í, wọ́n á jó."

Títí dòní mi ò mọ èyí tí wọ́n gbà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò mi àti tiwọn. Wọ́n sanwó bí oníbàárà, wọ́n kó ìgò wọn sínú agbọ̀n, wọn ò dárúkọ àgbá epo. Àbúrò mi ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìjọba ò tíì ránṣẹ́ sí ọ, àbí?" ni wọ́n bi mí.

"Wọn ò tíì ránṣẹ́, Màámi."

Wọ́n kàn ń wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wo agbára ẹsẹ̀ màlúù.

Nígbà tí Jánúárì wọlé, tí èrò ń ti ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi nítorí bébà ìwé, Ìnísà ni mo wà, tí mo gbé ìgò epo Màámi sókè sí oòrùn fún oníbàárà, tí mo ń bi ara mi pé báwo ló ṣe jẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí síbí.